Ọjà Tí Táyé Lọ

Ẹ̀yin olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa. Ẹ ṣáà máa pè mí ní Ìyá Ìbejì. A pọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà, wọn ò ní mọ èwo ni mí.

Èèyi ló mú Táyé mi lọ lọ́dún tó kọjá. A kì í sọ pé ìbejì kú, ọjà la sọ fún Kẹ́hìndé pé ó lọ.

Níjọ́ tí iléèwé aládàáni wọn ń kówó òrùlé jọ, wọ́n ní kí àwọn ìbejì jó jáde ní méjì-méjì níwájú àwa òbí. Kẹ́hìndé nìkan ló dá jáde. Tíṣà àlejò kan tí kò gbédè wa dáadáa bi í léèrè ẹnì kejì rẹ̀. Kẹ́hìndé ní, "Ó lọ sọ́jà." Ni tíṣà bá kéde pé kí ìyá Táyé lọ mú un wá, pé àwọn ń dúró dè é.

Gbogbo àwọn ìyá dorí kodò. Mo dìde, mo jáde bí ẹni tó ń lọ mú un.

Ẹ̀yin abiyamọ tó ń gbọ́ rédíò, ẹ bá mi dá sí i. Nígbà tí Kẹ́hìndé délé, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ò bá a lọ́jà ni?"

Kí ni kí n sọ fún un?