Ta Ló Kọ́ Ọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Bọ́ Aago?

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, òun àti ẹrù inú rẹ̀? Wẹ́rẹ́ ni Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Èmi náà ń bẹ láyé, àfi orúnkún tó ń dà mí láàmú, àti òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi gan-an bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan ò sì ní mu ọmú àfi kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Mo ti wo fíìmù tí wọ́n fi ọ́ ṣe o. Fóònù baba aránṣọ la fi wò ó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e ti maṣíìnì. Inú mi ò dùn rárá bí ẹ ṣe jẹ́ kí ọkùnrin tí wọ́n pè ní bàbá yẹn na ọmọ olọ́mọ. Aránṣọ ní eré ni wọ́n ń ṣe. Eré wo? Ṣebí mo gbọ́ bí bẹ́líìtì ṣe ń dún! Ó tún ní òun ò rí ibì kan dáadáa, òun fẹ́ dá a padà sẹ́yìn, mo ní baba, ẹ dákun, ẹ má dá a padà, èyí tí wọ́n nà án yẹn ti tó. Bá mi sọ fún ìyá ọmọ náà kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó ẹ̀yìn fún un. Ìgbà tó wá sá kúrò nílé bàbá rẹ̀, èmi ni mo ń pariwo pé sáré, má wẹ̀yìn, títí àwọn tó ń kọjá fi ń yọjú wò wá.

Àfi ìgbà tí ọmọ yẹn dàgbà tó wá di ìwọ. O ní ìyàwó, o ní ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ náà sì fọ́ àwo. O ò pariwo. O bọ́ aago ọwọ́ rẹ, o gbé e sójú fèrèsé, o ká apá ẹ̀wù ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, o wá ń fi imú kọrin. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ nà mí: aago, fèrèsé, apá ẹ̀wù, orin. Oyún rẹ ò tíì hàn síta tó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ọ rí. Ta ló kọ́ ọ? Mo bi aránṣọ, tó jẹ́ pé ògiri kan ló wà láàárín wa nígbà ayé bàbá rẹ. Ó dìde lọ ti fèrèsé rẹ̀, lọ́sàn-án gangan.

Kó tó jókòó padà, bátìrì ti kú. Ọwọ́ rẹ wà lókè, ọmọ náà ń wò ọ́, ló bá ṣókùnkùn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ orin náà nínú ilé. Lánàá, mo ń fọ abọ́, mo tún gbọ́ ọ, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mi ò rí ẹnì kankan. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni mo mọ̀ pé imú tèmi ló ti ń jáde. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.

Aránṣọ ti gba iná sí fóònù rẹ̀, ó ní kí n wá wo ìparí. Mo ní mi ò wá. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ: ṣé o nà án? Má sọ fún mi pé eré ni.

Bá mi fi owó mọ́tò ránṣẹ́, kí n lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ìyàwó wa tó bímọ, kó o fi díẹ̀ kún un fún òrùlé. Tí kò bá tó, fi ti òrùlé sílẹ̀, kí òjò máa pa mí.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ jó. Ọmọ tó ń bọ̀ yìí á da omi sórí ẹní, á ya ìwé rẹ, á wá gbójú sókè wò ọ́, á sì rẹ́rìn-ín.

Èmi ni ìyá rẹ.