Ìlà Tí Èmi Kò Kọ

Agboolé Onígbá,
Lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá, 1988.

Abigail,

Mo fẹ́ kọ 'ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n' bí mo ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ṣé dáadáa ni Mọ́mì wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Dádì ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé láti Jọ́ọ̀sì? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn. Ìwọ ni n kò béèrè àlàáfíà rẹ. Mo mọ̀ pé ara rẹ yá gágá.

Ṣé o rántí oṣù Kẹfà, tí o ń sunkún pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò wọ orí rẹ? Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, olùkọ́ wa, ń pariwo 'if' àti 'then', ìwọ ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè Hausa. Èmi ni mo mú ọ lọ sí ìdí ààrò Mọ́mì nílé yín, tí mo ní, "Bí omi bá ti hó, da ìrẹsì sí i. Bí kò bá tíì hó, dúró. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí èyí bá rí báyìí, kí ó ṣe tọ̀hún." Ọjọ́ náà ló yé ọ, tí o dì mọ́ mi. Ohun tí o wá fi san án nìyí?

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ọjọ́ ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti ìwọ nìkan ló kù tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan nínú wa ṣe igbákejì olùkọ́. Ohun tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà kò le: bí máàkì bá tó àádọ́ta, kí ó kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà yege, bí kò bá tó o, pé ó kùnà. Mo dán an wò láàárọ̀, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìrun Àyìlá tó, mo ní kí o bá mi ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Bí mo ṣe padà dé ni wọ́n pè mí síwájú ọ̀gá tó ni ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó gba ogún, ẹ̀rọ ní ó kùnà. Ẹni tó gba àádọ́rin, ó kùnà. Ẹni tó gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ó kùnà! Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ lo fẹ́ kó kùnà ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. O fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, o ní, "Pẹ̀lẹ́, Asiyah, kò sẹ́ni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí." Ọjọ́ kejì ni wọ́n fún ọ níwèé iṣẹ́. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ìsọ̀ ìyá mi, mo tú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ àwọn ìlà àṣẹ náà sí lọ́jọ́ ìdánwò wò. Mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n, ogójì ni mo fi ń ṣe nọ́ńbà ìlà àṣẹ tí mo bá kọ fún kọ̀ǹpútà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìlà karùndínlógójì ń wá níbẹ̀? Ó ní bí máàkì bá kéré sí ọgọ́rùn-ún lé kan, kó kọ ọ́ pé ó kùnà. Ta ló gba ọgọ́rùn-ún lé kan rí, Abigail? Ìkà ni ọ́.

Àná ni mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Hussein tó máa ń jókòó lẹ́yìn wa ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ní, "Abigail ló ń tẹ nǹkan sí i nígbà tí o lọ kírun. Mo rò pé ìwọ lo rán an ni." Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì pa ìlà yẹn rẹ́ lójú mi, gbogbo rẹ̀ sì tọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. N kò tíì dárúkọ rẹ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀gá ti fọwọ́ síwèé rẹ, kò sì ní yí i padà àfi bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́wọ́, tàbí kí ẹlẹ́rìí yọjú.

Má rò pé mo ń dáàbò bò ọ́. Òótọ́ làwọn àgbà sọ, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mọ́mì ni mo ń rò. Odindi oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé ilé yín. Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi pátápátá ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n fi owó ara wọn ra búùtà fún mi, kí n má baà máa fi ife ṣe àlùwàlá. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Hussein. Lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí tí o kò tíì sọ ọ́, èmi àti Hussein yóò jọ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá.

Bá mi kí Mọ́mì àti Dádì. Kí Rejoice àbúrò rẹ pẹ̀lú, mo gbọ́ pé ó yege. Má kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí mi, n kò ní í ṣí i. Ìyá rẹ ló fún ọ ní ọjọ́ mẹ́wàá yìí, kì í ṣe èmi.

Èmi ni, tí kì í ṣe tìrẹ mọ́,
Asiyah Adéríbigbé.