Bàbá Ṣéènì, Ẹni Tó Mú Kí Òkè Rọrùn Gùn

Ní ọdún 1949, nínú ilé alájà kan tó kọjú sí ọ̀nà rélùwéè, ni a bí bàbá wa, ọkọ Màmá Agbẹ̀bí, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Ṣéènì. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ a máa tún aago ṣe. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ. Ọmọ kẹta ni wọ́n, wọn kì í sì í rí ohun tó ń yí kí wọ́n má tú u. Ẹbí kò gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn palẹ̀ nígbà tí aṣọ ìyàwó oníyàwó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n jẹ ẹgba, wọ́n sì tún un tò padà.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ní 1965, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tí kò gbójú bọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe fíríídọ̀ọ̀mù ní 1970, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn: yàrá kan tó kọjú sí títì, táyà rọ̀ sókè àjà, ọ́ìlì wà nínú agolo mílíìkì lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ní 1975, wọ́n gbé agbẹ̀bí kan níyàwó, ẹni tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jò ṣáá lójú títì ṣọ́ọ̀bù wọn. Títí di òní, àwọn ẹbí Màmá ń sọ pé ìṣó kì í dá rìn wá sójú títì. Bàbá kò jẹ́wọ́, wọn kò sì sẹ́.

Ní 1998, ilé ìgbẹ̀bí tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́ kó lọ sórí òkè. Ọdún yẹn gan-an ni orúnkún Màmá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ní bí wọn kò bá lè máa tètè dé, kí wọ́n bọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń to fáìlì. Omi bọ́ lójú Màmá. Wọ́n ní, "Baálé mi, ọwọ́ tó ń gba ọmọ, ṣé eruku fáìlì ló kàn?"

Ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá gbà lọ. Àwọn irin eléyín tí ṣéènì ń gùn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màmá kéré. Wọ́n dára fún ọ̀nà pẹrẹsẹ gígùn tó ṣáájú òkè, ṣùgbọ́n òkè fúnra rẹ̀ le fún wọn. Ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan tó ti kú sí ṣọ́ọ̀bù tóbi, wọ́n mọ òkè gùn, àmọ́ lórí pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ á kàn máa yí lásán ni. Bàbá tú méjèèjì. Wọ́n mú àwọn kékeré lára tibí, àwọn ńlá lára tọ̀hún, wọ́n fi òrùka pẹlẹbẹ pààlà láàrin wọn, wọ́n sì tò wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ayọ̀ iṣẹ́ yẹn ló mú wọn gbàgbé pé ẹni tó bá fi irin tó tóbi kún un gbọ́dọ̀ fi ojú irin kún ṣéènì kí ó lè gùn sí i. Ní agbedeméjì òkè, Màmá yí jíà sí èyí tó tóbi jù. Ṣéènì fà le gan-an, ó já, Màmá sì ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí ló ṣẹ́.

Kò sí ohun tó dun Bàbá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ Màmá mọ́. Màmá fi ọwọ́ òsì ti kẹ̀kẹ́ náà wá síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. "Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Bàbá ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi ojú kún ṣéènì. Kí ọwọ́ Màmá tó san, Bàbá fúnra wọn ń fi kẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, títí akólẹ́tà fi bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Wọ́n ní, "Kí òkè náà kọ́kọ́ dá èmi ná." Òkè kò dá wọn. Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń gbẹ̀bí lókè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2012. Akólẹ́tà náà ní kí Bàbá ṣe irú rẹ̀ fún òun, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ará òkè.

Ẹni ìgbàgbọ́ ni Bàbá. Ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí nílé àdúrà, kí òórùn ọ́ìlì má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú wọn lọ. Lórí ibùsùn, wọ́n gbọ́ bí Màmá ṣe ti kẹ̀kẹ́ wọlé, wọ́n ní, "Ṣéènì yẹn ti gbẹ o, ẹ bá mi fún un lọ́ọ́ìlì." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí a gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. Ó dùn wá púpọ̀.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: tísà kan, nọ́ọ̀sì kan, àti èyí tó jogún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi àbúrò wọn obìnrin sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ Màmá lókè.

Òkè yẹn náà, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, ni a ó sin Bàbá sí lónìí. A ti wá mọ́tò fún Màmá, wọ́n kọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ wọn ni wọ́n fẹ́ gùn tẹ̀lé pósí. A bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ bá wa rọra rìn.

Bàbá wa, oorun ire o. Ẹ má kánjú retí Màmá. Irin tó tóbi jù ni wọ́n fi ń gòkè bọ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kì í yára.