Koríko Tí Ẹ Bá Mi Ro

Bàbá mi àtàtà,

Ilé náà ṣì wà. Páànù orí rẹ̀ kò tíì jò, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ gba iwájú ilé jáde mọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jẹ̀bi. Lọ́wọ́ akọ̀wé rélùwéè kan tó ń padà sí Èkó ni mo ti rà á, ilé àkọ́kọ́ tí mo máa fi owó ara mi rà. Koríko tó gbìn sójúde bíi ti àwọn òyìnbó ló wọ̀ mí lójú jù. N kò mọ̀ pé koríko ń jẹun ju ẹṣin lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń san sísì fún ẹni tó ń fi àdá gé e. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń sanwó kí wọ́n pọn omi odò Asà wá, mo ń dà á sórí koríko, èmi tí mo dàgbà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ààbọ̀ bútà ṣe àlùwàlá kí omi má baà ṣòfò. Ọ̀gá mi òyìnbó ní òun máa yà wò mí ní Sátidé. Mo fẹ́ kó rí i ni.

Ọjọ́ Àlàmísì ni ẹ ti abúlé dé, tẹ̀yin ti iṣu mẹ́rin àti ọkọ́ léjìká. Ta ló ń gbé ọkọ́ wá kí ọmọ rẹ̀ nígboro? Ẹ wo ojúde náà títí, ẹ kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló pa yín lẹ́nu mọ́. N kò rántí pé lójú yín, ilé tí koríko bá hù síwájú rẹ̀, onílé ti kú ni, tàbí ó ya ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣáájú mi kúrò ní ìrun àsùbáà. Kí n tó dé, ẹ ti ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ ti gbá a. Ẹ ń ha erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́, torí ọkọ́ yín kì í sùn pẹ̀lú erùpẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ọmọ mi, mo ti bá ọ bo àṣírí.”

Bàbá, n kò kí yín. A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, ì báà jẹ́ ọ̀tá ẹni. Mo pòṣé, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa jáde, ẹ ti lọ. Ọkọ́ yín wà lára ògiri. Ṣé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni, àbí ẹ fi í sílẹ̀ fún mi?

Nígbà tí ọ̀gá mi dé ní Sátidé, kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Kò bèèrè koríko kankan.

Òṣù yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí láti abúlé. Wọ́n ti sin yín kí n tó dé.

Koríko náà ti hù padà. Láàárọ̀ yìí, mo mú ọkọ́ yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọwọ́ mi bó, n kò sì tíì dé ìdajì. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi, títí kan àwọn tí n kò mọ̀ rí, ojú sì ń tì mí láti dáhùn. Ṣé ẹ bínú lọ? Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín.