Ebè Méje Ìbíyẹmí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Wọ́n ti fi mí jẹ alàgbà ìjọ. Ẹ máa ń sọ pé ipò náà yóò kàn mí lọ́jọ́ kan, ó sì ti kàn mí. Ẹ má tíì bá mi yọ̀. Ohun tí mo ṣe kí n tó dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Kàbbà.

Ẹ rántí ebè méje tó wà létí oko wa lọ́nà Ayewa. Mi ò tíì mọ ọkọ́ dì mú dáadáa tí ẹ ti ń fi wọ́n hàn mí. Lọ́dọọdún, àwọn ni ẹ máa ń kọ ṣáájú ti ara yín, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fọ́mọ. Ti Ìbíyẹmí ni, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tí àwọn Tápà kó lẹ́rú nígbà tí ẹ ṣì kéré. Ó fi ewé iṣu bò yín láàrin ebè méjì, ó wá sá gba ọ̀nà kejì kí àwọn ẹlẹ́ṣin lè máa lé òun. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ jẹ iṣu ebè wọ̀nyẹn. Ẹ máa ń tọ́jú wọn títí ìgbà ọ̀gbìn yóò fi dé, ẹ ó gé wọn ní èbù, ẹ ó sì dá wọn padà sínú ebè méje. Ìran iṣu kan náà ni láti ìgbà tí ẹ ti ní oko tiyín.

Ẹ ní Ọlọ́run ti dá májẹ̀mú pé òun yóò mú Ìbíyẹmí padà wálé. Ìka yín ti sọ ojú ewé yẹn di dúdú nínú Bíbélì ilé wa, ibi tí Jeremáyà ti ní Olúwa yóò kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti gbogbo ilẹ̀ tó fọ́n wọn ká sí, yóò sì gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ wọn. Ẹ ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ gbígbìn, àgbẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ikú yín, mo kọ ebè náà fún ọdún mẹ́rin. Lọ́dún kẹrin, ọjọ́ Ìkórè ń bọ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi jẹ alàgbà. Iṣu tèmi ò ta dáadáa, eku sì ti jẹ nínú ìwọ̀nba tó ta. Ti Ìbíyẹmí nìkan ló sanra. Mo wa gbogbo wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo kó wọn sínú agbọ̀n láti gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé tèmi ni. Ìyàwó mi kọ̀ láti gbé agbọ̀n náà rù mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní obìnrin ò mọ nǹkan.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni obìnrin kan ti bá mi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi ìbòrí funfun bo orí, ẹní wà lábíyá rẹ̀, búta omi àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ló júwe mi fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Okun o." Ìkíni wa yẹn ni ọ̀rọ̀ wa kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èdè Hausa la fi sọ ìyókù. Bídà nílẹ̀ Tápà ló ti wá. Áíṣátù ni orúkọ rẹ̀, Ìbíyẹmí sì ni ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó mọ orúkọ yín. Ó mọ̀ nípa ewé iṣu tí wọ́n fi bò yín. Ó kàn fẹ́ kí n mú òun dé ilé tí wọ́n bí ìyá òun sí ni.

Bàbá, iṣu ìyá rẹ̀ wà lórí mi bó ṣe kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní kó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, pé a ó jọ lọ sílé lẹ́yìn ìsìn.

Èmi ni wọ́n ní kí n ka Bíbélì lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo kà? Ojú ewé yín gan-an ni. Mo kà á ketekete, ìjọ ṣe àmín, èmi náà ṣe é. Nígbà tí a jáde, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn alàgbà dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì bi mí ẹni tó jẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní fi ẹni tí ìbátan rẹ̀ ń kírun jẹ alàgbà. Mo ní àlejò tó ṣìnà ni.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti kírun tán nígbà tí mo sọ ọ́, ó ń ká ẹní rẹ̀. Ṣé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa yìí, àlejò? Ó wo ojú mi, ó gbé búta rẹ̀, ó gba ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ Lọ́kọ́ja ti ń gbéra. Mi ò pè é. Ìyàwó mi ló sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n lọ́rì ti lọ.

Mo bínú sí yín. Ẹ kọ́ wa láti máa retí, ẹ ò sọ fún wa pé ẹni tí à ń retí lè dé pẹ̀lú búta àti orúkọ mìíràn. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ rò ó bẹ́ẹ̀ rí? Mo bínú sí Ọlọ́run náà. Kí ló ń dúró dè ní gbogbo ọdún tí ẹ fi wà lóko, tó fi jẹ́ ìgbà tó ku èmi nìkan ló mú un dé? Ó pa májẹ̀mú rẹ̀ mọ́. Ó kó o jọ, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ni mo tún un fọ́n ká. Mo ti dé Bídà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn Áíṣátù ibẹ̀ kò lóǹkà.

Àkókò ebè ti dé báyìí. Mo ti kọ méje ti Ìbíyẹmí ṣáájú tèmi. Mo lọ sílé àwọn alàgbà lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ orí iṣu kan péré nínú èyí tí wọ́n pín lọ́jọ́ Ìkórè. Wọ́n ti gún gbogbo rẹ̀ jẹ. Wọ́n ní iyán rẹ̀ dùn. Ebè méje ló wà létí oko, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Bí ẹ bá ti rí ẹ̀gbọ́n yín níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ dé ilé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ kọ́ ní ebè kíkọ.