Nọ́ńbà Noora Tí Mo Yí Padà

Oulu,
Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù Kejì.

Taisto, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí orúnkún rẹ méjèèjì, mo sì kí ọ kú ìfaradà òtútù Kemijärvi. Mo lérò pé igi ìdáná rẹ kò tíì tán, àti pé o ń jẹun lásìkò. Ara tèmi le, àfi àyà mi tó máa ń já gẹ́gẹ́ bí o ti mọ̀ mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó nídìí. Ọ̀rọ̀ Noora ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ara rẹ̀ le, jọ̀wọ́ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni mo ṣe nǹkan, ojú sì ń tì mí débi pé mo ti ya lẹ́tà yìí dànù kí n tó tún jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ náà ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wa ní ìgbà tí ewé ń rẹ̀, o pè mí lórí fóònù, o ní, "Aulis, mo fi í lé ọ lọ́wọ́ o." Mo ní kí o má ṣèyọnu. O mọ bí ó ti rí: ẹni tuntun á kọ́kọ́ lo oṣù mélòó kan fún ìdánwò, ọ̀gá sì lè ní kó máa lọ kí ìdánwò náà tó parí. Jorma ọ̀gá wa kì í sì í ṣe onísùúrù. Mo ṣèlérí pé n ó máa bójú tó o. Gbọ́ bí mo ṣe bójú tó o.

Ìwọ tí o ń tẹ irin àpótí nígbà tí a jọ wà níbẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan wínníwínní tó wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n fara dà á fún mi. Lórí bọ́ọ̀dù, pátákó iná tí a ń ṣe fún ẹ̀rọ tó ń fún wàrà màlúù, oríṣiríṣi iná ló wà, èyí tó le àti èyí tó fẹ́lẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wọlé gììrì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà dúdú kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òun ló ń tò wọ́n wọlé: ìwọ ṣáájú, ìwọ tẹ̀lé e, ìwọ dúró ná. Olùtò iná ni à ń pè é. Bí gbogbo wọn bá wọlé tán, kì í sùn, yóò máa ṣọ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rọ, tí agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n tí a kọ sí i lọ, yóò pa gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí bọ́ọ̀dù má bàa bàjẹ́. Noora ló ń ṣírò ìwọ̀n náà. Iṣẹ́ tèmi ni láti so okùn kọ̀ǹpútà mọ́ bọ́ọ̀dù, kí n kọ ohun tó ṣírò sínú olùtò iná, kí n sì fi í pamọ́ síbẹ̀ kó má bàa gbàgbé rẹ̀ bí iná bá lọ.

Noora ní kí iná lè rọ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí olùtò tó pa á. Mẹ́wàá yìí kò jẹ́ kí n sùn. O rántí bọ́ọ̀dù tó jó lọ́wọ́ wa ní ọdún tí o fẹ̀yìn tì. Òórùn èéfín yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Mo sọ fún un pé àyè yẹn ti pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Aulis, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣọ́ adìyẹ, ẹ máa dè é mọ́gi ni. Adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹ̀ kiri." Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì kọfí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo pa mẹ́wàá rẹ̀ rẹ́, mo kọ mẹ́ta. Mi ò sọ fún un. Mo dán bọ́ọ̀dù náà wò lórí tábìlì, nínú yàrá tó móoru, ó ṣiṣẹ́ geere. Mo fi mẹ́ta pamọ́ síbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù náà lọ fún Oili Pikkarainen, opó kan tó ń sin màlúù lọ́nà Pudasjärvi. Nígbà tí òtútù ńlá dé, ní gbogbo òwúrọ̀ tí pọ́ǹpù tó ń fa wàrà bá fẹ́ gbéra, iná á rọ díẹ̀, á sì padà sípò. Kò ju bí ẹni tó kọsẹ̀ tí kò ṣubú. Mẹ́wàá Noora ì bá gbójú fò ó. Mẹ́ta tèmi kò gbà. Olùtò iná rò pé ewu ti dé, ó pa gbogbo nǹkan. Ó tún tò wọ́n wọlé, ó tún pa wọ́n. Màlúù kan tó ń jẹ́ Heluna há sínú ẹ̀rọ, ife tó ń fa wàrà sì wà lọ́mú rẹ̀. Kí Oili tó tú u sílẹ̀, kó sì tó fọwọ́ fún wàrà àwọn yòókù, ọmú Heluna ti wú, ó le bí òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, Jorma dúró sídìí tábìlì kọfí níṣojú gbogbo wa. Ó ní, "Noora, Oili ní kí n kí ẹ. Ó ní àwọn màlúù òun ń béèrè bóyá yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ẹ láti máa dè wọ́n mọ́lẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Àìbìkítà lèyí. Oṣù ìdánwò ẹ ti fẹ́ parí, mi ò sì rí ìdí tí màá fi fọwọ́ síwèé ìgbanisíṣẹ́ fún ẹ."

Ojú Noora funfun. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ ka ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Máa lọ. Mú Aulis dání, kí àgbàlagbà kan lè máa ṣọ́ ẹ."

Taisto, mò ń ro kọfí mi. Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, mo sáà ń rò ó.

Nínú ilé màlúù Oili, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Noora so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ó sì ka ohun tó wà nínú olùtò iná. Mo mọ ohun tí yóò rí. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ mẹ́wàá síbẹ̀, ó fi í pamọ́, ó pa iná gbogbo, ó sì tún un tàn. Pọ́ǹpù gbéra, ohun gbogbo sì dúró sípò. Oili tó dúró lẹ́yìn wa ní, "Ọmọbìnrin yìí ni wọ́n ló bà á jẹ́? Ìyẹn ni pé wọ́n á bà á jẹ́ ní Oulu, wọ́n á wá tún un ṣe nídìí ìgbẹ́ màlúù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú iṣẹ́."

A ti rìn jìnnà nínú ọkọ̀ kí Noora tó sọ̀rọ̀. "Mẹ́ta ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ láàárọ̀ náà, nídìí kọfí?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ó ń wo ojú ọ̀nà, yìnyín ń fò lu gíláàsì. Ó ní, "Mi ò ní sọ fún Jorma. Tí mo bá sọ ọ́, á ní mò ń di ẹ̀bi ru àgbàlagbà. Ẹ má sì jẹ́ kí Dádì gbọ́. Wọn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́." Ọmọ tí mo fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ló ń dáàbò bo èmi àti ìwọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ yàrá Jorma, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aulis, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń gbọ̀n? Ìṣọ́ra àgbà nìyẹn. Ó sàn kí iná kú ju kó jó lọ. Ẹ lọ mu kọfí yín." Ohun tó ń dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ mu kọfí, mo sì jẹ búrẹ́dì aládùn tì í. Mo rò pé ó ti parí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo rí Noora tó ń kó ẹrù inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sínú báàgì. Jorma ti sọ fún un pé òun ò ní fọwọ́ síwèé. Kò dárúkọ mi rárá. Ìgbà náà ló yé mi pé mo ti sọ òtítọ́ níbi tí kò ti lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi èmi.

Nígbà tí gbogbo wọn pé jọ sídìí kọfí ìrọ̀lẹ́, mo dìde dúró. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo yí nọ́ńbà Noora padà. Mẹ́wàá ló kọ, èmi ni mo sọ ọ́ di mẹ́ta, mi ò sì sọ fún un. Ọ̀gá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n rò pé Noora ni, àìbìkítà ni wọ́n pè é. Nígbà tó di tèmi, ó di ìṣọ́ra àgbà. Tí ẹnì kan bá máa lọ, èmi ni kó lọ." Mo di etí tábìlì mú. Pirkko tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ní, "Aulis, jókòó kí o tó ṣubú lu búrẹ́dì." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Jorma pọ́n títí dé etí. Níkẹyìn ó ní, "Noora, má bínú. Màá fọwọ́ síwèé náà lónìí."

Noora kò rẹ́rìn-ín músẹ́ pàápàá. Ó ní, "Mo gbọ́. Aulis ò gbọ́dọ̀ lọ. Àmọ́ kí wọ́n tó fi ohunkóhun pamọ́ sínú olùtò iná, kí wọ́n máa ka nọ́ńbà ẹ̀ sókè kí n gbọ́."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn báyìí. Wọ́n gbé tábìlì mi súnmọ́ tirẹ̀. Mò ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé, gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Mo ní, "Mẹ́wàá." Ó ní, "Mẹ́wàá." Ìgbà náà ni mo tó tẹ bọ́tìnì. Kò fi mí ṣẹ̀sín, ó sì ń dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Bàbá mọ́. Aulis lásán ni, bí gbogbo ènìyàn ti ń pè mí. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ pé kó tún máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo rú òfin rẹ̀ láti kọ èyí sí ọ, nítorí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí o kò bá dá mi lóhùn, ó tọ́ sí mi. N kò ní yọ ọ́ lẹ́nu lórí fóònù.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún rẹ sàn. Kó jẹ́ kí ọmọ rẹ gòkè ju gbogbo wa lọ, kó má sì tún fi í lé ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù lọ́wọ́ mọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,
Aulis Karppanen.

Àfikún: Ọmú Heluna ti ń sàn. Oili fi wàràkàṣì tútù ránṣẹ́ sí Noora, Noora sì gé díẹ̀ fún mi. Mi ò lè gbé e mì. Mo ti dì í sínú àpótí kékeré tó ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Yan án lórí iná díẹ̀ kí o tó jẹ ẹ́. Jọ̀wọ́, má gun òrùlé lọ gbá yìnyín.