Wáyà Tó Bá Mi Gun Òkè

Ọjọ́bọ̀, ní Bàrígà.

Ó ṣiṣẹ́!

Láàárọ̀ ni ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé wa sọ pé bí wáyà tí mo fà láti kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òkè kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, kí n ká a kúrò, kí n padà sí gbígbé fíláàṣì tí mo fi ń kó iṣẹ́ látinú kọ̀ǹpútà gun àtẹ̀gùn. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ladi-Lak ló bá mi fi ike tó ń wọ ìdí ẹ̀rọ sí ẹnu kan wáyà náà. Èmi ni mo fi sí ẹnu kejì, kò sì ṣiṣẹ́.

Àṣé bí àwa atẹ̀wé Ṣómólú ṣe ń to yíǹkì ni mo to wáyà tín-ín-tín mẹ́jọ inú rẹ̀: àwọ̀ tó fúyẹ́ ṣáájú, èyí tó dúdú kẹ́yìn! Ohun tí ẹnu kan ń sọ kò lè dé ẹnu kejì. Mo gé e, mo tún un tò bíi ti olùkọ́. Ni iná kékeré ìdí kọ̀ǹpútà bá ń ṣẹ́jú.

Mo tẹ ìlà kan, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ òkè.

Ọ̀gá pariwo láti òkè: “Ta ló wá tẹ ìwé yìí níbí? Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni!”

Ohun tí mo tẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Orúnkún mi ní kí n kí yín.”